Ẹsẹ̀ Àlejò Nínú Oko Olóko

Dàpọ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ìpèsè omi ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wá kí Bọ̀ọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá rẹ̀ tí í ṣe àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Káàbọ̀, ọmọ Òyìnbó. A rí gbogbo fọ́tò rẹ o. Èyí lórí òkè, èyí létí odò, òmíràn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gàgàrà. Mi ò rí ẹyọ kan tí o ti mú ìwé lọ́wọ́. Ṣé torí ìgbafẹ́ ni bàbá rẹ ṣe ta ilẹ̀?

DÀPỌ̀: Ẹ kú ilé, Bọ̀ọ̀dá. Sátidé ni mo ya gbogbo wọn. Kò sí kíláàsì ní Sátidé.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Iṣẹ́ wà ní Sátidé. Ọmọ Ìyá Ṣadé náà wà lọ́hùn-ún, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé.

DÀPỌ̀: Èmi náà ṣiṣẹ́, sà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí iléèwé bá wọlé. Ẹni tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fi físà rẹ̀ ṣeré. Alẹ́ ni mo fi ń ṣe tèmi. Àwọn kan wà, tí wọ́n bá ti ṣe tiwọn tán, inú yàrá ni wọ́n ń há mọ́ di ọjọ́ Ajé. Odidi ọdún kan, wọn ò mọ̀ ju kíláàsì, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra gàrí. Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n sanwó ńlá lọ sí ìlú kan, wọn ò sì rí ìlú náà.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Kí ni wọn ìbá rí? Ilé? Ilé wà níbí.

DÀPỌ̀: Ní York, mo rìn lórí odi ìlú láìsan kọ́bọ̀, àmọ́ wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi kí n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì gàgàrà tí ẹ rí yẹn. Ní London, ọ̀fẹ́ ni British Museum. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Orí baba wa ni wọ́n ń fi hàn ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, o wá ń yọ̀?

DÀPỌ̀: Mi ò yọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Inú bí mi débi pé mo jáde síta kí n tó wo ìyókù. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù fún yín, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbẹ̀ ló kàn gan-an. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Sheffield, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tó fi máa dé abúlé kan tó ń jẹ́ Edale. Káàdì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà tó máa yọ ìdá mẹ́ta owó ọkọ̀ kúrò. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rí òpó igi kan tí wọ́n fi ọfà aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí. Ọfà yẹn dojú kọ àárín oko ẹnì kan. Ẹ gba ibẹ̀ kọjá.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Oko ta ni?

DÀPỌ̀: Oko olóko, sà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ yín. Ó gbé àkàsọ̀ kékeré lé ọgbà rẹ̀ kí ẹ lè gùn ún kọjá. Àwọn àgùntàn rẹ̀ ń wò yín. Olóko fúnra rẹ̀ wà lórí katakata, ó juwọ́ sí mi!

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Orí rẹ̀ pé?

DÀPỌ̀: Ó pé. Òfin ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ táwọn èèyàn ti ń gbà, ti gbogbo ayé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ya àwòrán gbogbo wọn, ó sì lé ní 100,000 máìlì ní England àti Wales. Bí àgbẹ̀ bá túlẹ̀ gba orí ọ̀nà yẹn, dandan ni kó tún un là láàárín ọjọ́ 14, kó fẹ̀ tó mítà kan, ó kéré tán. Àwọn akọ màlúù irú tí wọ́n ń sìn fún wàrà, tí wọ́n bá ti ju oṣù 10 lọ, kò gbọdọ̀ dà wọ́n sínú pápá tí ọ̀nà náà gbà kọjá.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Háà! Kí ni wọ́n fi olóko pè? Tí mo bá la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gba inú kòkó mi, kí oòrùn tó wọ̀, kòkó ti tán lórí igi, àwọn darandaran á sì ti dé.

DÀPỌ̀: Ẹsẹ̀ ni wọ́n fún láyè, wọn ò fún ọwọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ já ohunkóhun, ẹ ò gbọdọ̀ yà kúrò lọ́nà, bí ẹ bá ṣe bá géètì ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Ajá tó bá ń dààmú àgùntàn, tí kò sí ọ̀nà míì láti dá a dúró, àgbẹ̀ lè yìnbọn pa á, òfin á sì gbè é.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Ìyẹn nìkan ló bọ́gbọ́n mu nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ.

DÀPỌ̀: Kì í ṣe pé àwọn onílẹ̀ fi inú rere gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Òkè tó wà lókè Edale, Kinder Scout, Duke ti Devonshire ló ni ín nígbà kan. Àwọn ọlọ́dẹ rẹ̀ ń lé èèyàn kúrò níbẹ̀ nítorí ẹyẹ tí àwọn ọlọ́lá fẹ́ yìnbọn pa. Ní April 24, 1932, nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ gun òkè náà tipátipá. Benny Rothman tó ṣáájú wọn kò ju ọmọ 20 ọdún lọ. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Nítorí ìrìn, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ̀wọ̀n, nítorí ìrìn! Ní 2002, Duke tó wà lórí oyè, ọmọ ọmọ ti ìgbà yẹn, dúró ní gbangba, ó tọrọ àforíjì.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ ibi tí ìwé wà nínú ẹ̀.

DÀPỌ̀: Ìpèsè omi ni mo kà, àbí? Lẹ́bàá ibẹ̀ ni adágún Ladybower wà, tí wọ́n ṣe láti fún Sheffield, Derby, Nottingham àti Leicester lómi. Abúlé méjì, Derwent àti Ashopton, ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn. Wọ́n hú òkú inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Derwent lọ tún sin sí Bamford. Olùkọ́ wa sọ ọ́ ní kíláàsì, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo dúró létí omi yẹn ni ó yé mi pé ilé ẹnì kan ni mo kọ sílẹ̀ nínú ìwé mi.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Bíi ti ìlú Bùsà tí omi bò nígbà tí wọ́n ṣe adágún Kainji.

DÀPỌ̀: Òun gan-an. Ohun tó dùn mí ni pé lójú òjò, mo pàdé àwọn ọmọ iléèwé lórí Kinder Scout yẹn pẹ̀lú olùkọ́ wọn, olúkúlùkù mú máàpù dání. Níbí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló lọ sí ààfin àtijọ́ ti Ọwá lórí Òkè Ìdànrè, àwọn àlejò ń ti Èkó wá gùn ún. Ọmọ ìlú mélòó ni olùkọ́ ti kó gòkè rí?

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Bàbá mi ló kó èmi gòkè, kì í ṣe tíṣà. Olùkọ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀, agbára wo ló fẹ́ fi gòkè?

DÀPỌ̀: Òótọ́ nìyẹn, sà. Àmọ́ Tóyìn ọmọ yín ń lọ kàwé ní Leeds lóṣù kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kó má kúrò nínú yàrá. Kó ra bàtà tí omi kì í wọ̀, kó sì ra káàdì ọkọ̀ ojú irin yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

BỌ̀Ọ̀DÁ LÁYÍ: Yóò ra bàtà. Yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé kó tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ oko tèmi níbí, ẹni tó bá fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, yóò kọ́kọ́ wá kí mi.