Gbèsè kì í ṣe ọrẹ

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ìwàrájà, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ti Adó-Èkìtì ti pínyà, kò ní í pẹ́ tó fi máa pàdé òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààbọ̀ owó oṣù.

Oṣù Keje, ọdún 2015, ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà. Ìpele 1 sí 7 ń gba owó wọn pé. Ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ọ̀gá, láti ìpele 12 lọ sókè, ààbọ̀ péré ni. Iṣẹ́ ńkọ́? Odindi ni wọ́n ń ṣe é! Kò sẹ́ni tó ní kí tíṣà kọ́ àwọn ọmọ dé ààbọ̀.

Gbèsè oṣù 30 ló kóra jọ. Ademola Adeleke, tó gorí oyè lóṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ló bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n lítà epo bẹntiróòlù tó jẹ́ ₦87 lọ́dún 2015 ti lé ní ₦500 nígbà tó fi di oṣù Keje, ọdún 2023. Iye tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n san, àmọ́ ohun tó lè rà ti dín kù.

Ẹni tó ti kú kó tó gbà á ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn wa, owó iṣẹ́ kì í ṣe sàráà. Òógùn ẹni ni. Ìjọba yòówù tó bá jẹ òṣìṣẹ́ lówó, kó tètè san án, kó tó di pé ọmọ olóògbé ló máa gbà á.