Páálí Star Wars tí mo rà ní Sábó

Sábó kì í ṣe orúkọ àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti inú "Sabon Gari" ti èdè Haúsá ni ó ti wá, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun: àdúgbò tí àwọn ará Òkè Ọya tí òwò gbé wá tẹ̀dó sí. Ọ̀yọ́ ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní tirẹ̀. Nítorí pé ibi òwò ni, ènìyàn a máa bá ohun tí kò retí pàdé níbẹ̀.

Ohun tí èmi bá pàdé ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín rédíò àti ẹ̀rọ ìlọta tòkunbọ̀, ni páálí fíìmù Star Wars kan tí ó ti London dé. Àwo DVD mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde ní 2004: fíìmù ti 1977, ti 1980 àti ti 1983, pẹ̀lú àwo kẹrin tí ó sọ bí George Lucas àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni, ogun láàárín ìràwọ̀ ni ó dá lé. Ọ̀wọ́ fíìmù yìí náà ni John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, wá dara pọ̀ mọ́ ní 2015.

N kò sanwó títí wọ́n fi ki àwo kan bọ inú ẹ̀rọ. Ìdí ni pé àwọn tí ń ṣe DVD pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn. Ẹkùn kejì ni Bìrìtìkó wà, ìkarùn-ún ni Nàìjíríà wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá dè mọ́ ẹkùn kan kì í gba àwo ẹkùn mìíràn. Ẹ̀rọ ti ibẹ̀ gbà á. Bí mo ṣe ń ka ₦4,000 fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ta ló tún ń ra àwo? Ṣebí orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní dídá lóhùn. Ohun tí ó wà lórí fóònù wa, ìkáwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà. Star Wars fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ní 1997, Lucas tún àwọn fíìmù rẹ̀ ṣe, ó fi àwòrán tuntun kún wọn. Nínú ẹ̀dà 2004 tí mo rà yìí, ó yọ òṣèré àgbàlagbà kan kúrò ní ìparí fíìmù kẹta, ó sì fi Hayden Christensen rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ dé orí Disney+ ní 2019, àwọn òǹwòran tún bá àyípadà mìíràn níbẹ̀. Ẹni tí ó ní àwo àtijọ́ nílé lè tọ́ka sí ohun tí ó rí. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ fún un lónìí ni yóò wò. Bí ó bá sì wù wọ́n, wọ́n lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́la.

Tiwa ńkọ́? Láàárín 1979 sí 1980, Hubert Ogunde gbé Aiyé àti Jaiyésinmi jáde. Agbára rere ń bá agbára búburú jà nínú tirẹ̀ náà, àfi pé ọkọ̀ òfurufú ni tiwọn, àjẹ́ àti babaláwo ni tiwa. Tunde Kelani ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ ní apá mẹ́ta. Ó ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999, ó fi Agogo Èèwọ̀ tẹ̀lé e ní 2002. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ méjèèjì. Mo béèrè páálí tí ó kó èyíkéyìí nínú wọn jọ, ní Sábó Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò rí i. Àdàkọ ni wọ́n nà sí mi: ogún fíìmù nínú àwo kan ṣoṣo, àwòrán ṣú, ohùn ń já, kọ́bọ̀ kò sì kan ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Àdàkọ yìí gan-an ni ó ń lé páálí gidi kúrò lọ́jà. Ta ni yóò náwó sórí ohun tí ẹlòmíràn yóò dà kọ kí ilẹ̀ tó ṣú? Òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ti 2022, wà níbẹ̀; Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní 2023. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè tọ́jú fíìmù. Ẹ wo Shaihu Umar, fíìmù Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n rò pé ó ti sọnù, àfi ìgbà tí wọ́n rí i níbi ìpamọ́ fíìmù ní Jos ní 2016. Jámánì ni wọ́n ti tún un ṣe, Berlin ni wọ́n sì ti fi hàn aráyé ní 2018. Mélòó nínú tiwa ni yóò rí irú oore bẹ́ẹ̀?

Mo rọ àwọn tí fíìmù àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ìdílé, ilé-iṣẹ́ fíìmù àti àwọn fásitì wa, kí wọ́n tètè kó wọn jọ sínú páálí, kí àwo kan sì wà níbẹ̀ tí yóò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ àti àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Kí àwa òǹwòran náà san owó ojúlówó. Ẹni tí ó lè san ₦4,000 fún ogun inú ìràwọ̀ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Ogunde, bí ó bá rí i rà.