Ọ̀fàfà, Ẹranko tí Ń Gbó Lórí Igi

Bí òru bá ti ń jinlẹ̀ nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ wa, ohùn kan máa ń bọ́ láti òkè igi. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò le sí i, tí gbígbó yóò máa tẹ̀lé gbígbó wàràwàrà. Àlejò igbó á rò pé ẹran ńlá kan ló wà lókè. Ọ̀fàfà ni, ẹran tí kò sábà wúwo ju kílò 2 sí 4 lọ. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé igi yìí ní onílé.

Irun rẹ̀ nípọn, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Etí rẹ̀ rí roboto, ìrù rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdì irun funfun kan wà, tó máa ń dìde gan-an bí inú bá bí i.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fi èékánná gun igi, ológbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀fàfà kò ní irú èékánná bẹ́ẹ̀. Ìka mẹ́rin ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú, mẹ́ta ní ti ẹ̀yìn, ohun pẹlẹbẹ bí pátákò kékeré ló sì bo orí wọn. Ìka inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ní èékánná gígùn, èyí tó fi ń ya irun ara rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gungi: ó rọ̀, òógùn kì í jẹ́ kó gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi.

Ẹ má sọ pé mò ń parọ́ bí mo bá ní ìbátan erin ni. Iwájú ẹnu ni eyín gígùn tó yọ lẹ́nu rẹ̀ ti hù, gẹ́gẹ́ bí ti erin. Ajá a máa lóyún oṣù méjì, ọ̀fàfà a máa lo bí oṣù méje, ọmọ kan tàbí méjì ló sì ń bí. Ọmọ náà a ti lajú, irun a ti bò ó, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa gungi.

Inú ihò igi ló ń sùn lọ́sàn-án. Lóru, yóò máa jẹ ewé àti èso. Ojú kan náà ló sábà máa ń yàgbẹ́ sí, nídìí igi, ìwà yìí ló sì ń tú u fó fún ọdẹ.

Ohùn rẹ̀ ló sọ ẹni tó jẹ́ fún àwọn onímọ̀. Ní 2009, John Oates àti Simon Bearder wá wo àwọn ẹran òru mìíràn ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbọ́ pé ọ̀fàfà igbó kan níbí kì í ké bí ti ibòmíràn. Àwọn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Volta àti ìlà oòrùn Odò Ọya a máa han; tiwa láàárín odò méjèèjì, láti Gánà dé Nàìjíríà, a máa gbó. Wọ́n wọn agbárí, wọ́n yẹ àbùdá ìran wò, wọ́n sì gbọ́ ohùn 418 tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ní 2021, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn, tí Rachel Ikemeh ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, kéde rẹ̀ ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀: Dendrohyrax interfluvialis. Àwọn ọdẹ wa ti mọ ohùn yẹn tipẹ́tipẹ́. 

Igbó tó ń gbé ti ń tán lọ. Wọ́n ń la gẹdú, oko kòkó sì ń wọ inú igbó ọba. Ẹran tó ń lóyún oṣù méje nítorí ọmọ kan tàbí méjì kò lè tètè rọ́pò àwọn tí ìbọn àti pàkúté ń kó lọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti agẹdú, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá dé ìdí igi àgbà tó ní ihò, ẹ má gé e.