Ààfin Tí Kò Lọ́ba: Ìrìnàjò sí Sun City ní Gúúsù Áfíríkà

Sun City jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní ẹkùn Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, nítòsí ìlú Rustenburg, tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura, ilé tẹ́tẹ́, pápá gọ́ọ̀fù àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ó bá wọ mọ́tò ní Johannesburg yóò rìn tó nǹkan bíi wákàtí méjì, yóò kọjá oko àti àdúgbò àwọn awakùsà, kí àwọn òkè Pilanesberg tó yọ sí i lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ilé olówó ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe dé inú ìgbẹ́ tí ó jìnnà sí ìlú, òfin ni ó fà á.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ka tẹ́tẹ́ títa léèwọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìjọba yìí kan náà ti gé àwọn ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn adúláwọ̀, ó sì ń pe díẹ̀ nínú wọn ní orílẹ̀-èdè olómìnira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọba àgbáyé kò gbà bẹ́ẹ̀. Bophuthatswana, tí wọ́n kéde òmìnira rẹ̀ fún àwọn Batswana ní 1977, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Níbẹ̀ ni oníṣòwò Sol Kerzner ti ṣí Sun City ní oṣù Kejìlá 1979, kí àwọn ará Johannesburg àti Pretoria lè máa wá ta tẹ́tẹ́ tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n ta nílé. Àwọn olórin ńláńlá bíi Frank Sinatra lọ ṣeré níbẹ̀, títí olórin Steven Van Zandt fi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní 1985 láti fi orin kọ ibẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ní 1992 ni wọ́n ṣí The Palace of the Lost City, ilé ìtura tí ó lókìkí jù nínú ọgbà náà. Ìtàn tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí ni pé àwọn ènìyàn kan ṣí wá láti àríwá, wọ́n tẹ ìlú dó sí àfonífojì yìí, wọ́n sì kọ́ ààfin fún ọba wọn, kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó pa ìlú náà run. Àwọn ayàwòrán-ilé ni wọ́n ro ìtàn yìí, kò ṣẹlẹ̀ rí. Àlejò yóò rí ère Shawu, erin tí eyín gígùn rẹ̀ sọ di olókìkí ní ọgbà ẹranko Kruger. Bí ó bá ń sọdá afárá tí wọ́n ń pè ní Bridge of Time, èyí tí ère erin tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ a máa mì, èéfín a sì máa rú, nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣe àfarawé ìmìtìtì ilẹ̀ inú ìtàn náà lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn afárá ni Valley of Waves wà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ru ìgbì sókè nínú adágún tí iyanrìn yí ká, nígbà tí òkun gidi jìnnà réré.

Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ni ó kọ́kọ́ fa èrò wá sí Sun City. Nínú àwọn tí wọ́n ń ta ní ilé tẹ́tẹ́, roulette ni ó rọrùn jù láti fi ṣàlàyé bí onílé ṣe ń jèrè. Àwo róbótó kan ni, tí a ń yí, tí bọ́ọ̀lù kékeré ń sáré nínú rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sójú nọ́ńbà kan. Èyí tí ó ní òdo kan ṣoṣo ní nọ́ńbà 37. Ẹni tí ó bá fi owó lé nọ́ńbà kan, tí ó sì jẹ, yóò gba ìlọ́po 35 owó rẹ̀, yóò sì gba owó tí ó fi lélẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi owó rand kan-kan sórí gbogbo nọ́ńbà 37 yóò gba rand 36 péré, èyí tí ó fi hàn pé onílé kò nílò láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, inú ìṣirò ni èrè rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó, tí òfin 1996 sì gba ilé tẹ́tẹ́ láàyè káàkiri, Sun City kò lè fi tẹ́tẹ́ nìkan pe èrò mọ́. Ayẹyẹ bíi ìdíje ẹwà tún wà lára ohun tí ó ń fa èrò: ibẹ̀ ni Agbani Darego ti Nàìjíríà ti gba adé Miss World ní 2001, tí ó fi di ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé e.

Síbẹ̀, ohun tí ó jinlẹ̀ jù wà lẹ́yìn odi ọgbà náà. Pilanesberg jẹ́ àpá òkè ayọnáyèéfín gidi tí ó ti kú láti ayébáyé, tí wọ́n sọ di ọgbà ẹranko ní 1979, tí wọ́n sì kó nǹkan bí 6,000 ẹranko wọ̀. Ní ẹkùn kan náà, nítòsí Zeerust, ni àwókù Kaditshwene wà, olú-ìlú àwọn Bahurutshe tí wọ́n jẹ́ ara àwọn Batswana, tí wọ́n fi òkúta mọ, tí míṣọ́nnárì John Campbell dé ní 1820, tí ó sì fojú bù ú pé kò dín ní 16,000 ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, kí ogun tó tú u ká láìpẹ́ sígbà náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní Sun City yẹ ní yíyìn, ìgbafẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìlú àròsọ gba gbogbo ìyìn níwájú ìlú tí àwọn baba ńlá Batswana kọ́ ní tòótọ́. Kí ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí ó wá amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, kí ó sì bi í léèrè ìtàn àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí ààfin yẹn tó dé.