Ooru Wà Nínú Òtútù

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ ohun tí mo rántí jù lọ nípa ilé-ìwé yìí, ẹ lè rò pé ìsìn òwúrọ̀ tàbí pápá bọ́ọ̀lù ni n óò sọ. Ẹ̀yìn fíríìjì ọ̀gá-àgbà ni mo rántí.

Ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ Físíìsì wa kó wa lọ sí ilé ọ̀gá-àgbà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ní kí a máa fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbóná. Ó bi wá pé, "Níbo ni ooru yìí ti wá?" A dáhùn pé láti inú iná mànàmáná ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Díẹ̀ ni ti iná. Inú omi àti ẹran tí ọ̀gá kó síbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù ti wá. Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó jáde." A kọ ọ́ sínú ìwé, a fi ṣe ìdánwò, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún 40.

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni èmi àti Ìyá Ìbejì ń gbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, a ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan: ọkọ̀ gígùn tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan, a gbé e lọ sí àwọn òkè Great Smoky ní Tennessee. Kí a tó sùn, a tan ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú inú ọkọ̀ gbóná. Ní òru, agogo ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Orí ń fọ́ mi, ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì kò sì gbé e mọ́. Mo wọ́ ọ jáde sínú òtútù. Carbon monoxide ni, èéfín tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Oníṣẹ́ tí ó yẹ ẹ̀rọ náà wò rí i pé irin tí ó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti là.

Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé, "Bàbá Ìbejì, n kò ní sùn nínú ọkọ̀ tí iná ń jó nínú rẹ̀ mọ́." N kò lè bá a jiyàn. Ọkọ̀ náà wà lójú kan níwájú ilé wa fún oṣù púpọ̀.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní heat pump, tí n óò máa pè ní ẹ̀rọ afaooru. Hítà oníná tí ó bá jẹ iná 1,500 wáàtì, ooru 1,500 wáàtì náà ni yóò fún ni, kò lé. Ṣùgbọ́n ooru tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ni ẹ̀rọ afaooru ń lọ kó wọlé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní tútù ṣì ní ooru nínú. Gáàsì kan ń yí po nínú páìpù rẹ̀. Bí gáàsì náà bá ráyè fẹ̀, a tutù ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, a sì gba ooru lára rẹ̀. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá fún un pọ̀, a gbóná, a sì tú ooru náà sínú ọkọ̀. Bí ojú ọjọ́ kò bá tutù jù, iná kìlówáàtì 1 lè mú ooru kìlówáàtì 2 tàbí 3 wọlé. Mo pa ìwé dé, mo pariwo: fíríìjì ọ̀gá-àgbà nìyí! Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni a yí sínú ilé.

Mo ra irú èyí tí a ń gbé sórí òrùlé ní ipò ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́. Ihò orí òrùlé jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 14 ní ìbú àti ní òró. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 100 pọ́ùn. Èmi àti ọmọ wa ọkùnrin pa iná, a sọ ti àtijọ́ kalẹ̀. Ìgbà náà ni a rí i pé òjò ti ń jò wọlé láti ọjọ́ pípẹ́. Pákó etí ihò ti jẹrà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Mo ní kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí a sì gbé ẹ̀rọ lé e; ta ni yóò rí i? Ọmọ mi ní, "Dádì, abẹ́ rẹ̀ ni Mọ́mì yóò máa sùn."

N kò fèsì. Ohun tí wọ́n ń wí fún wa ní ìsìn òwúrọ̀ ní ilé-ìwé yìí, pé Ọlọ́run rí ibi tí ojú ènìyàn kò tó, ọmọ mi ni ó wá rán mi létí. A fi tapólì bo ihò náà, a sì fi ọjọ́ méjì gbáko pààrọ̀ pákó. Lẹ́yìn náà ni a tẹ́ rọ́bà sí etí ihò, tí a gbé ẹ̀rọ lé e, tí a sì ń mú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba. Bí kò bá le tó, omi yóò wọlé. Bí ó bá le jù, rọ́bà yóò bàjẹ́, omi yóò tún wọlé. Iná 30 ámpíà ní 120 fóòtì ni ọkọ̀ wa ń gbà, èyí tí í ṣe 3,600 wáàtì lápapọ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ yìí pọ̀ mọ́ máíkírówéfù àti ẹ̀rọ amómigbóná.

Nígbà tí oṣù kẹwàá tún pé, a padà sí òkè náà. Ní òru àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń yangàn. Ní òru kejì, ojú ọjọ́ wálẹ̀ sí 2 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Mo wá ka ojú ewé tí mo ti fò nínú ìwé ìlànà: irú ti orí òrùlé yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí òtútù bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 4, nítorí pé yìnyín a máa bo páìpù tí ó wà níta. Ooru wà nínú òtútù náà, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ wa kò ká a. Ojú tì mí. Ìyá Ìbejì fa kúbùsù bora, ó ní, "Ó sàn kí òtútù mú wa ju kí a má jí lọ. Ẹ sùn, Bàbá Ìbejì." Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí ó ń hanrun. N kò tíì gbọ́ ohùn tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nísinsìnyí, hítà oníná kékeré àti agogo ìkìlọ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ wa, a sì máa ń sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí òtútù bá fẹ́ le.

Ẹ̀yin òbí, olùkọ́ wa ìbá ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sójú pátákó kí ó sì máa lọ. Ó jẹ́ kí ọwọ́ wa kàn án. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a ti ń dáwó fún ẹnu ọ̀nà tuntun ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí yàrá sáyẹ́ǹsì, kí àwọn ọmọ tí ń bẹ níbẹ̀ lónìí lè rí nǹkan fi ọwọ́ kàn. Kí Ọlọ́run tí ó pa wá mọ́ ní òru náà máa pa ilé-ìwé wa mọ́. Àmín.