Ní Lagos Town l'Accra, Ta Ló Ni Gìtá Béèsì Ọwọ́ Rẹ?

Accra New Town ni orúkọ tí ìjọba Ghana kọ sínú ìwé, New Town náà sì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ trotro ń pariwo bí wọ́n bá ń pe èrò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́ ní New Town, Lagos Town ló ń jẹ́. Orúkọ náà kò ṣàdédé wáyé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wá jẹun wá sí Gold Coast láyé òyìnbó ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àdúgbò fi gba orúkọ ìlú wọn, Yorùbá kò sì kéré nínú wọn rárá. Àdúgbò náà fara kọ́ Nima, ó fara kọ́ Kokomlemle àti Kotobabi, ọjà Malata sì wà níbẹ̀ tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ kan ẹni tí ń kọjá lọ kì í ṣe ohùn oníwàásù. Ohùn béèsì ni, tí ń dún gbì, gbì, gbì láti inú ilé ìsìn, tí ó ń gba inú ògiri jáde, tí ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ènìyàn lára.

Gìtá tí ń gbé ohùn yẹn jáde ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, pàápàá irú èyí tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ àlòkù, àti bí olórin tí ń gbé irú àdúgbò báyìí ṣe lè fi ọgbọ́n yan èyí tí yóò bá a kalẹ́. Ẹni tí kò mọ ìtàn Lagos Town lè rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ o.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìnísà tí wọ́n ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún nídìí òwò, tí àwọn mìíràn ti bímọ síbẹ̀ tí ọmọ náà sì ti ń bímọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé àti ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ó ṣeé gbé nìkan ló bá wọn dé ilé. Ọdún 14 lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé. Ọmọ Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, àpò alápá méjì tí wọ́n fi di ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní olónìí. Ẹni tí ó bá dàgbà sínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ń lò yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn ni.

Nídìí iṣẹ́ orin, ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́. Láti Lagos Town dé oríta tí wọ́n ń pè ní Kwame Nkrumah Circle kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ilé ijó Tip Toe wà nígbà tí háíláìfù ń jẹ oyin àti àádùn. E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ ti ń gba Accra wá ṣeré ní Nàìjíríà láti ọdún 1950, àwọn olórin Èkó àti Ìbàdàn sì kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ lára wọn. Orúkọ ń bẹ, iyì ń bẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ háíláìfù ti Accra tàbí jùjú ti Èkó, ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ra irinṣẹ́ ni ọ̀gá: onílé ìtura ni o, oníṣòwò ni o, olórí ẹgbẹ́ ni o. Olórin tó kù, alágbàṣe ni. Bí ìjà bá dé lóru, olórin yóò gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ́wọ́ òfo, gìtá yóò sì dúró sílé dè ẹlòmíràn.

Nígbà tí Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, gbé ẹgbẹ́ Heartbeats rẹ̀ káàkiri Accra àti Èkó láàárín àwọn ọdún 1960, kì í ṣe orin sóòlù ti Amẹ́ríkà nìkan ló mú kí àwọn olórin tó kù máa wo ara wọn lójú. Irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé dání wà nínú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà ká Fẹlá Ransome-Kútì lára, nítorí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni ayé ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀la bí Pino ṣe mì í lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 dé, nǹkan yí padà. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba Rawlings ṣe láti ọdún 1982 pa iṣẹ́ alẹ́ fún ọdún méjì, owó ibodè lórí irinṣẹ́ orin sì ga ju ohun tí apá olórin ká lọ. Àwọn kan sá wá sí Nàìjíríà, àwọn mìíràn bá ọ̀nà Jámánì lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wá di ibi tí irinṣẹ́ wà. Béèsì bọ́ lọ́wọ́ onílé ijó, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọ. Ẹni tí ń ta á kò tíì di oní-nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń ta béèsì ìjọ. Ó ń bá wọn lọ òkú, ó ń bá wọn lọ ìgbéyàwó, wọ́n ń pè é sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Owó díẹ̀ ti wọlé, bùrọ̀dá rẹ̀ kan ní ìlú òyìnbó sì ti ṣe tán láti bá a ra ọjà náà. Gìtá tí ó wù ú ni èyí tí wọ́n ṣe ní àwòṣe Jazz Bass. Èwo ni kí ó rà?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó dá àwòṣe náà. Leo Fender ni orúkọ rẹ̀, ará Fullerton ní ìpínlẹ̀ California. Atúnrédíòṣe ni, kò sì mọ gìtá ta títí ó fi kú. Ṣáájú rẹ̀, béèsì tí ẹgbẹ́ olórin ń lò ni èyí gbàǹgbà tí a ń nà ró, tí ó ga ju ọkùnrin lọ, tí gbígbé rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbé pósí. Ní ọdún 1951, Fender gbé Precision Bass jáde: pákó pẹlẹbẹ kan, ọrùn tí wọ́n fi ìdè irin mẹ́rin dè mọ́ ọn, okùn mẹ́rin, àti mágínẹ́ẹ̀tì tí wáyà tín-ín-rín yí ká láti gba ohùn okùn. Ní ọdún 1960 ni Jazz Bass tẹ̀ lé e. Ọrùn ti èyí tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí orí, ìbàdí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ń jó, mágínẹ́ẹ̀tì agbóhùn rẹ̀ sì di méjì, kí olórin lè pò ohùn kíkẹ̀ mọ́ ohùn mímú bó ṣe wù ú. Láti ìgbà náà, gbogbo ayé ló ń wo ojú rẹ̀ ṣe tiwọn.

Yorùbá kò kúkú ṣe àjèjì sí ohùn ìsàlẹ̀. Agídìgbo ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí iná mànàmáná tó dé, àwọn Akan náà sì ní prempensiwa tiwọn, àpótí onírin tí ènìyàn ń jókòó lé lórí tí ó sì ń fi ọwọ́ ta. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé nínú orin wa, béèsì kì í kàn ń tẹ̀ lé gìtá lẹ́yìn bí ìránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó ń dáhùn. Ẹni tí ń ra béèsì fún háíláìfù ń ra ohun tí gbólóhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yé ènìyàn, kì í ṣe ohun tí yóò kàn máa hó.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ọmọkùnrin wa. Àkọ́kọ́ ni kí ó wá ògbólógbòó Jazz Bass ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, èyí tí wọ́n ṣe kí ilé-iṣẹ́ CBS tó ra Fender ní oṣù kìíní ọdún 1965. Owó irú rẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ, ayédèrú sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí olówó tí ń kó nǹkan àtijọ́ jọ lọ ra ìyẹn. Èkejì ni àfarawé olówó pọ́ọ́kú. Àbùkù kọ́ o: àwọn Sire tí wọ́n ń ṣe ní Indonesia, tí Marcus Miller fi orúkọ rẹ̀ sí, ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ lè wá ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n mú àwòṣe Fender tí wọ́n sì tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ṣe. Roger Sadowsky ti New York ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Òun ló fi ẹ̀rọ kékeré tí ń ti ohùn síwájú sínú Jazz Bass ọdún 1977 ti Marcus Miller, ohùn yẹn sì gba ayé kan. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lọ dáadáa. Láti ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Warwick ti Jámánì sì ti ń bá a ṣe àwọn tí owó wọn rọjú díẹ̀. Lakland ti Chicago náà wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ayùn ha lára, tí wọ́n bó ọ̀dà rẹ̀ kí ó lè dà bí arúgbó, owó sì ń lé sí i nítorí èyí! Ní Malata, bí ọjà bá há báyìí, ṣe ni wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù.

Orúkọ nìkan kò tó. Kí ó kọ́kọ́ gbé e kọ́rùn fún wákàtí kan lórí ìdúró. Àwọn béèsì kan láti àwọn ọdún 1970 wúwo tó kílò márùn-ún; ìsìn àṣemọ́jú kò ní jẹ́ kí èjìká gbàgbé. Èyí tí kò bá ju kílò mẹ́rin lọ ni kí ó wá. Lẹ́yìn náà, kí ó ta á láìfi wáyà kan sára ẹ̀rọ. Béèsì tí pákó rẹ̀ bá dára yóò gbọ̀n lábẹ́ ìgbáyà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ó tẹ gbogbo ojú ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá okùn tó tín-ín-rín jù, láti ojú karùn-ún dé ìkeje, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń kú ní kíákíá lára irú àwòṣe yìí. Olówó iyebíye náà kì í bọ́ nínú àrùn yìí nígbà gbogbo.

Kí ó béèrè ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn. Bí ọyẹ́ bá mú ní Accra, igi á gbẹ, ọrùn á tẹ̀; bí òjò bá dé, á tún yí padà. Nínú àwòṣe àtijọ́, ìdí ọrùn ni wọ́n ti ń yí ọ̀pá náà, ó sì lè di dandan kí a tú gìtá palẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ti òde òní, orí ni ó wà, ìṣẹ́jú kan ti tó. Irú èyí ni kí ó mú.

Bátìrì ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ń ti ohùn síwájú ń jẹ bátìrì onígun mẹ́rin kékeré. Bí bátìrì bá kú láàárín orin ìyìn, béèsì á dákẹ́ bí òkú, àyàfi bí bọ́tìnì bá wà tí yóò yọ bátìrì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Béèsì tí kò ní bọ́tìnì yìí, kí ó dá a padà fún olówó rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó. Mágínẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tún máa ń kùn hùn-ùn-ùn bí iná ilé kò bá ní wáyà ilẹ̀ tó dára. Bí a bá ṣí méjèèjì dọ́gba, ìkùnsínú náà á rọlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní sì ti ṣe irú èyí tí kì í kùn rárá. Okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún? Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn márùn-ún. Fún háíláìfù, mẹ́rin tó, ẹ̀rọ agbóhùn tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìn kò sì tilẹ̀ lè gbé ohùn okùn karùn-ún yẹn jáde dáadáa.

Ohun tí ó mú kí àwòṣe yìí yẹ Lagos Town ju àwọn béèsì alárà lọ ni pé atúnrédíòṣe ló ṣe é. Ìdè mẹ́rin, wáyà díẹ̀, kóńkórò mẹ́ta. Ẹni tí ń jó wáyà rédíò pọ̀ létí títì lè tún un ṣe. Bí ọ̀ràn bá dé, bí ó ti dé ní ọdún 1969, ènìyàn lè tú ọrùn kúrò lára rẹ̀, kí ó di méjèèjì sínú àpótí aṣọ, kí ó sì tún un tò ní ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ó bá ti rà á tán, ọjọ́ Àìkú kan yóò dé tí yóò gbé e lọ sí ìjọ. Gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, ‘Ọmọ mi, fi sílẹ̀ sínú yàrá irinṣẹ́ kí ó lè wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́rú.’ Kí ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, kí ó fa síìpù àpò rẹ̀, kí ó gbé béèsì kọ́ èjìká, kí ó sì bọ́ sí títì lọ wọ trotro. Bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ní kí ó san owó ènìyàn méjì, kí ó san án.