Gọ́ọ̀mù Funfun Tí Mo Lò

Èmi ni mo ba ẹwìrì dùùrù ìjọ kan ní Accra jẹ́. Àwọn àgbà ìjọ rò pé ọ̀rinrin òkun ló fà á. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Dùùrù onífèrè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn láyé Ọbabìnrin Victoria ni. Awọ àgùntàn ló bo oríkèé ẹwìrì rẹ̀, àtè tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun ẹran ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Bí irú àtè bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ti lẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, omi gbígbóná ṣì máa ń rọ̀ ọ́, awọ á tú, pákó ò sì ní fara pa. Bẹ́ẹ̀, awọ ẹwìrì á gbó dandan, ẹnì kan á sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ l'Ékòó kì í fi èyí ṣeré: "Ohun tí ẹni ẹ̀yìn rẹ ò ní lè tú, má fi lẹ nǹkan." Ó ní iṣẹ́ dùùrù ju ọjọ́ ayé ẹnì kan lọ. T. K. E. Phillips jókòó nídìí dùùrù Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, ó kọ́ Fela Sowande ní dùùrù, àwọn mìíràn sì ti jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń pààrọ̀ awọ ẹwìrì ìjọ náà, Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Inú omi tó gbóná tó nǹkan bí 60 dígírì Celsius ni àtè yẹn ń gbé, kó tó tutù lo sì gbọ́dọ̀ ti tẹ awọ mọ́lẹ̀. Mo tún ń bẹ̀rù aáyán tó ń jẹ ẹ́. Mo bá ra gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò. Ataa tó ń tẹ dùùrù bi mí pé ṣé ohun tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo ní èyí dáa jù ú lọ. Gbólóhùn yẹn ló ń dùn mí jù.

Gọ́ọ̀mù funfun máa ń fà díẹ̀díẹ̀ tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ nínú ooru, ẹrù kì í sì í kúrò lórí ẹwìrì nígbà tí wọ́n bá ń tẹ dùùrù. Awọ yọ̀ kúrò láyè rẹ̀, atẹ́gùn ń jò, àwọn fèrè ńláńlá tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ò rí èémí tó. Nígbà tí a tú u, gọ́ọ̀mù ti wọnú pákó, àtè ò sì gbà lórí rẹ̀ mọ́. Ìfági ni a fi fá pákó àtijọ́ náà, títí tí oríkèé rẹ̀ fi tín-ín-rín jù, tí a ní láti kan òmíràn.

Ìjọ san owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sọ òtítọ́ fún Ataa àti ìgbìmọ̀ ìjọ, mo sì ti dá owó tèmi padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú dùùrù náà pẹ̀lú: irú gọ́ọ̀mù tí mo lò, gbogbo ibi tó kàn, àti àwọn àpò awọ kéékèèké inú dùùrù tí a ò tíì tú, tí gọ́ọ̀mù náà ṣì wà lára wọn.